Ẹ Jẹun Kí Ẹ Tó Lo Oògùn

Bí òkè àyà bá ń ta ọ́ ní Festac tàbí ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, má yọ ara rẹ lẹ́nu, má wulẹ̀ wá dókítà lọ. Ṣáà ti sọ ọ́ jáde níbi tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó sí, dókítà mẹ́ta ti dé nìyẹn. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ọ́lísà ni. Ẹnì kejì á ní ọ́lísà ni, àmọ́ ó ti pẹ́ nínú. Ẹnì kẹta, tó bá jẹ́ ọmọ ìjọ wa, á ní ọ́lísà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú lásán. Kò ní í sí ẹni tó máa bi ọ́ léèrè ohun tí o jẹ, ìgbà tí o jẹ ẹ́, àti bóyá ṣe lo jẹ ẹ́ tán tí o fẹ̀yìn lélẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti rọrùn jù, kò yẹ àgbà.

Bàbá mi ni òkè àyà ń ta. Raji Rasaki Estate ni àwọn àti màmá mi ń gbé. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá Apple Junction, níbi tí wọ́n ti ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti bisikíìtì láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ni àdúgbò fi mọ bàbá mi. Bàbá Ládàánì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí àwọn ni wọ́n ń pe ìrun ní mọ́sálásí ẹ́sítéètì, ìrun márààrún, lójoojúmọ́, òjò ìbáà máa rọ̀, iná ìbáà má sí. Ohùn wọn mọ́. Kì í pariwo. Ṣe ló máa ń gba ojú fèrèsé wọlé ní ìdájí bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ẹ́sítéètì pàápàá, tí wọ́n máa ń ráhùn nípa gbohùngbohùn àwọn mọ́sálásí yòókù, kì í bá tiwa jà. Ohùn Bàbá ni wọ́n fi ń jí ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé.

Èmi fúnra mi, tí mò ń gbé ní Festac pẹ̀lú ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa, ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Yunifásítì ni mo ti di àtúnbí, mo sì délé ní ìsinmi ọdún pẹ̀lú Bíbélì ńlá kan lábẹ́ abíyá, mo ní mo fẹ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní Ọlọ́run á gbọ́ tèmi, á sì gbọ́ tàwọn, àmọ́ tàwọn ló máa kọ́kọ́ gbọ́ torí pé àwọn ń tètè jí jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn parí nílé wa lọ́jọ́ náà.

Ohùn Bàbá yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í há. A kọ́kọ́ pè é ní òtútù, a ní kí wọ́n máa wọ síwẹ́tà. Lẹ́yìn náà ni omi kíkan bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀fun wọn wá sẹ́nu nígbàkúùgbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tí àyà á sì máa jó wọn. Ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n pe ìrun dé àárín, wọ́n sì gùfẹ̀. Sínú máìkì. Gbogbo Raji Rasaki gbọ́ ọ, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lójú títì. Oníbàárà kan sọ fún màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà pé ó hàn gbangba pé wọ́n ń tọ́jú Bàbá. Màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí fi wá kí Bàbá nílé. Ọmọlúàbí ni wọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Wọ́n gbé ọsàn dání. Ọsàn, fún ẹni tí omi kíkan ń jó lọ́fun. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi ná. Àwa Yorùbá kì í kúkú lé àgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìsinmi la máa ń fún un. Wọ́n ní tí ohùn bá padà kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé, ká dúpẹ́. Tí kò bá padà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wà nílẹ̀ tó ń pe ìrun bí ẹni tí wọ́n bí sí Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ Mile 2 ni wọ́n bí i sí. Òun ni wọ́n á kúkú gbé máìkì fún pátápátá.

Bàbá mi kò bá wọn jiyàn. Ìyẹn ló kó jìnnìjìnnì bá mi, torí bàbá mi lè bá èèyàn jiyàn láti àárọ̀ dọ̀sán lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n to páálí ọṣẹ. Láti ọjọ́ náà, tí àkókò ìrun bá ti kù díẹ̀, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á kọjú sí ògiri títí ọmọ Mẹ́kà náà á fi pè é tán, kí wọ́n tó wá dìde lọ kírun. Mo bá wọn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó dùn mí dé egungun.

Ni a bá bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni oògùn olómi funfun, èyí tí èèyàn máa ń mì jìgìjìgì kó tó mu ún, tó máa ń rí bí ẹfun lẹ́nu. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n tó dé ìgò náà padà, iná àyà ti kú. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé iná náà kì í pẹ́ jí. Wọ́n á tún mu ún. Nígbà tó yá, ìgò kan wà nínú àpò jalabíà, ọ̀kan wà ní ìdí káńtà, ọ̀kan wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, irun ẹnu Bàbá sì ti wá funfun ju bí ọjọ́ orí ṣe fún wọn lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń lo oògùn ikùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, tó sì gbà pé ìyẹn náà jẹ́ oyè. Ó gbé ìgò funfun náà sókè, ó fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ó ní tàwọn aboyún nìyẹn. Ó ní oògùn gidi ni èyí tí wọ́n ti kó kúrò lọ́jà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Bí ẹni ń ṣèdárò àbúrò rẹ̀ ló ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí olóògbé ti lọ, ó ní kí Bàbá máa lo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó kù láyé, famotidíìnì, tàbúlẹ́ẹ̀tì kékeré tí èèyàn lè gbé mì tó bá fẹ́ sùn. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Bàbá sun oorun àsùnwọra fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Nígbà tó yá, ikùn àti oògùn náà mọ ara wọn dáadáa, wọ́n di ojúlùmọ̀, ikùn kò sì bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ó wá kan èmi, ọmọ tó kàwé. Mo ka orí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú mi fi pọ́n. Mo ra kápúsù tí wọ́n ń pè ní omeprasólì, mo sì gbé e lọ sí Raji Rasaki lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, bí ẹni gbé ìgbàlà dání. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún àwọn òbí mi. Mo ní ká sọ pé ẹ̀rọ omi ló ń ya sílẹ̀ nínú ilé. Oògùn funfun ń nu ilẹ̀ tó ti tutù, kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Tàbúlẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n ń rọra yí ẹ̀rọ náà, omi á dín kù fún wákàtí díẹ̀. Kápúsù tèmi ló ń ti ẹ̀rọ pa láti ìdí. Àlàyé náà mọ́lẹ̀ débi pé inú ara mi ń dùn sí mi. Gbogbo nǹkan nípa kápúsù náà ni mo mọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ń lò ó.

Bàbá lo ọ̀kan, wọ́n wo aago ọwọ́ wọn. Nígbà tó yá, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní iná àyà ṣì wà níbẹ̀, kápúsù yìí kì í ṣe ojúlówó. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan kí agbára rẹ̀ tó hàn.

"Ọjọ́ mélòó kan kẹ̀? Ṣé láti Kánò ló ti ń bọ̀ ni?" Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi wí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún wọn.

Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá náà sì gbà láti máa lò ó nítorí tèmi. A wá fi ọ̀rọ̀ náà lé màmá mi lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa òfin màmá mi. Kò sí nínú Kùránì, kò sí nínú Bíbélì, àmọ́ kò sí ilé Yorùbá tí mo wọ̀ rí tí wọn kì í pa á mọ́: o kò gbọdọ̀ fi inú òfìfo lo oògùn. Oògùn gbọ́dọ̀ rí nǹkan jókòó lé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀ tí òórùn ìrẹsì pàápàá ń rìn mí lọ́kàn, màmá mi á jókòó tì mí pẹ̀lú ṣíbí títí abọ́ á fi ṣófo, kí n tó rí oògùn gbé mì. Tí mo bá bì í, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìrẹsì. Títí di òní, tí n bá pè wọ́n pé orí ń fọ́ mi, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni kí ni mo jẹ.

Bí ìfẹ́ ṣe rí lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Kápúsù aláwọ̀ méjì wá wọ ilé, tó jẹ́ pé ọmọ tó kàwé ló rà á, ẹ ò rí i pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sórí búrẹ́dì lásán. Kí Àsùbáà tó tó, màmá mi á ti jí, wọ́n á ti gbé omi kaná, wọ́n á tẹ èbà. Èbà gidi, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ta létè. Bàbá á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á gbé kápúsù mì lé e, wọ́n á lọ kírun. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ohùn náà ṣe ń burú sí i ni òkèlè ń tóbi sí i, torí màmá mi rí i pé oògùn náà kò tíì rí ìdí jókòó dáadáa.

Nígbà tó ku bí oṣù méjì kí ààwẹ̀ wọlé, Bàbá kò lè pe ẹni tó wà ní pálọ̀ láti inú yàrá mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ gbé sẹ́nu nípa àgbàlagbà tí ohùn rẹ̀ bá há tí kò sàn. Mo kó àwọn méjèèjì sínú mọ́tò mi, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ọ̀fun.

Dókítà náà kò ju àbúrò mi obìnrin lọ lọ́jọ́ orí. Ó ti kámẹ́rà tín-ín-rín kan bọ imú Bàbá, ó wo ọ̀fun títí, èmi sì ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tó yọ ọ́, ó ní kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Ó ní omi kíkan láti inú ikùn ló ń gòkè, tó sì ti bó ibi tí ohùn ti ń jáde. Ó ní kò yẹ kó burú tó báyìí tí Bàbá bá ń lo oògùn. Ó bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ń lò.

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò jalabíà, wọ́n gbé ìgò funfun síta, wọ́n gbé páálí famotidíìnì síta, wọ́n gbé kápúsù síta. Tábìlì dókítà dà bíi káńtà tiwa ní Apple Junction. Ó mú kápúsù nínú wọn, ó bi Bàbá bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun yó dáadáa ni," bàbá mi dáhùn, wọ́n sì fi ọwọ́ sọ àyà. "Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n fi inú òfìfo lo oògùn."

Dókítà bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní èbà. Ó ní ìgbà wo. Wọ́n ní kí àwọn tó lọ kí Àsùbáà ni. Ọmọ náà rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ojú tó ṣe yẹn. Ojú tí mo máa ń ṣe ní ọ́fíìsì nígbà tí ẹni tó jù mí lọ bá sọ̀rọ̀ tí n kò lè fi rẹ́rìn-ín ni.

Ó ṣàlàyé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní oúnjẹ ló máa ń jí omi kíkan nínú ikùn. Kápúsù yìí gbọ́dọ̀ ti wọlé dúró kí oúnjẹ tó dé, ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn èbà ló wọlé, ó dà bíi mẹ́gàádì tó dé ibi iṣẹ́ lẹ́yìn tí olè ti kó ẹrù lọ. Ó ní kí Bàbá máa gbé e mì bí wọ́n bá ti jí, kí wọ́n lọ kírun, kí wọ́n dé, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan. Ó ní kí oúnjẹ alẹ́ kéré, kó sì yá. Kí wọ́n má fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí oúnjẹ. Kí wọ́n fi nǹkan gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì sókè. Ìgò funfun wà fún ọjọ́ tí àyà bá ṣèèṣì jó. Tàbúlẹ́ẹ̀tì Ẹ̀gbọ́n náà kì í ṣe ọ̀tá, tí òru bá le, wọ́n lè lò ó. Oògùn mẹ́ta, tí gbogbo àdúgbò ti ń bá ara wọn jà lé lórí, kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Màmá mi ló wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó wà ní kẹ́mísì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn lọ́jọ́ tí àwọn lọ ra páálí kejì, pé kí Bàbá máa lò ó ṣáájú oúnjẹ. Àwọn wo ọmọ náà, àwọn rí i pé kò tíì lọ́kọ, àwọn sì ní kí ló mọ̀ nípa ikùn ọkùnrin. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rín tó ti ń gbọ̀n mí nínú láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ èbà kú síbẹ̀.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Apple Junction nínú mọ́tò. Ẹ̀yìn ni màmá mi jókòó sí, Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé èmi ni mo wá ń fi ọwọ́ ara mi pa ohùn yẹn láti ọjọ́ yìí?" màmá mi bèèrè.

Bàbá kò yíjú. "Ta ló ní o pa á? Èbà yẹn dùn." Wọ́n ń ti páálí kápúsù bọ àpò jalabíà. "Kò kàn wù mí jẹ ní ìdájí rí ni. O ti jí torí mi, ni mo ṣe ń jẹ ẹ́."

Màmá mi fi gèlè bojú. Mo tẹjú mọ́ ọ̀nà.

Ìyà tó wá jẹ màmá mi lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ẹni tó jẹ́ pé láti ìgbà tó ti lọ́kọ, kò jẹ́ kí oògùn fojú kan inú òfìfo rí, òun náà ló wá ń na kápúsù àti ife omi sí ọkọ rẹ̀ nígbà tí ààrò ṣì tutù. Wọ́n á jókòó ti ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ti bò, wọ́n á máa wo aago ògiri bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò. Ìròyìn jáde ní ẹ́sítéètì pé Màmá kò fún Bàbá lóúnjẹ ìdájí mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìsàlẹ̀ gòkè wá láti parí ìjà. Mo gbé búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ ìhà orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní ìdí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ń bá ara àwọn lárààárọ̀, pé ṣe ni àwọn ń yọ̀ wálẹ̀ bí ẹni sùn sórí òkè. Àmọ́ iná àyà ń rọlẹ̀. Ìgò kúrò nínú àpò jalabíà.

Ohùn ni kò dáhùn. Dókítà ti sọ fún wa pé àyà á kọ́kọ́ sàn, pé ohùn máa ń pẹ́, pé ó lè gba oṣù. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kò bá dókítà ṣèpàdé. Oṣù tiwọn ti ń bọ̀. Wọ́n ti ra máìkì tuntun. Lójoojúmọ́ ni mò ń pe màmá mi tí mò ń bi wọ́n bí ohùn ṣe rí, wọ́n á ní ó wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí. Nígbà tó yá, n kò bèèrè mọ́, mo kàn ń bèèrè nípa ọjà.

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ nígbà tí fóònù mi ké ní ìdájí. Màmá mi ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń gba orí fóònù wọlé lásìkò yẹn. Ọkọ mi ti jókòó sókè, ó sì ti ń de ẹ̀mí ikú mọ́lẹ̀ ní orúkọ Jésù kí n tó rí ibi tí mo ti máa tẹ fóònù. Mo ní, "Màmá?" Wọn kò dáhùn. Mo tún pè wọ́n. Kìkì afẹ́fẹ́ ni mò ń gbọ́, àti ariwo bí ìgbà tí èèyàn bá ń ṣí fèrèsé.

Ohùn náà sì wọlé.

Ó há díẹ̀ ní etí. Nígbà tó gòkè, ó tín-ín-rín ju ti àtijọ́ lọ. Mo di fóònù mú, mo ń dúró de ibi tí ó ti máa já, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé ìrun sàn ju oorun lọ. Ó dé ibẹ̀. Ó gba ibẹ̀ kọjá. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ mi ti dákẹ́ àdúrà, ó sún mọ́ mi, a jọ ń gbọ́ ọ, àwa àtúnbí méjì lórí bẹ́ẹ̀dì ní Festac, títí ó fi parí.

Lẹ́yìn náà ni màmá mi gbé fóònù kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n ní Lẹ́mọ́mù ló ní kí Bàbá wá dán an wò lónìí, pé àwọn kò sọ fún mi kí n má baà máa retí.

"Ìyá Ìbejì, ṣé o gbọ́ ọ?"

Mo ní mo gbọ́ ọ, mà. Ohùn tèmi náà há.

Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ìdérí abọ́ kan, tí wọ́n sì tún rọra dé e padà.

"Bàbá ò tíì jẹun o," ni wọ́n wí.